Ìtàn Afunpè Dùn, Ṣùgbọ́n Ẹ Wọ̀n Ọ́n Wò

 

Ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn ni mo mú wá lónìí, mi ò ní fi pamọ́. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ń sọ pé iṣẹ́ wa ni ká kọ́ àgbà ní a, b, d, kó lè ka ohun tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe iṣẹ́ wa láti kọ́ ọ bí yóò ṣe máa bi ìwé léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé, bí a bá kọ́ ọ ní iyèméjì, ìwé yóò sú u. Èmi ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ìwé kà tí kò mọ bí a ti ń bi í léèrè, ó ṣì kù díẹ̀ kó mọ̀ ọ́n kà. Ìtàn àwọn afunpè ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí orí ìtàn wọn ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀ láàrin wa.

Ẹ mọ àwọn ẹgbẹ́ afunpè tó máa ń bá wa sin òkú ní Àjàṣẹ́ àti ní Kutonu, àwọn tí a ń pè ní fàǹfáà. Ẹ mọ bí idẹ wọn ṣe máa ń dán lóòrùn. Gangbé Brass Band, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kutonu ní 1994, ti gbé irú orin bẹ́ẹ̀ dé ìlú òyìnbó. Ibi tí afunpè bá wà, ìtàn á wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n sì ń sọ jù ni ti àwọn afunpè ìlú New Orleans, ní Louisiana, ní Amẹ́ríkà. Ìlú yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Ní 1719, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrú láti Áfíríkà lọ sí Louisiana, etíkun Ouidah ni wọ́n ti kó wọn. Nítorí náà bí etí wa bá ń yún wa láti gbọ́ ìtàn ibẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n kí a gbọ́ ọ bí àgbà.

Ìtàn àkọ́kọ́ nìyí. Ọkùnrin dúdú kan wà ní New Orleans, Buddy Bolden ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1877. Ipè kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń fun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fun irú orin tí a wá ń pè ní jáàsì. Títí di òní, kò sí àwo orin rẹ̀ kan ṣoṣo tí a rí. Àwòrán kan péré ló kù tí a fi mọ ojú rẹ̀. Níbi tí a kò bá ti rí nǹkan, ẹnu ni yóò ṣiṣẹ́. Wọ́n ní bí Bolden bá fun ipè rẹ̀ lálẹ́, ẹni tó wà ní kìlómítà 16 á gbọ́ ọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ó kọjá 20. Àwọn kan ní ìró rẹ̀ ń la ọ̀sà Pontchartrain kọjá dé òdìkejì.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n.

Kìlómítà 16 ju ìdajì ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kutonu lọ. Ẹ fojú inú wo afunpè kan tó dúró ní Àjàṣẹ́, kí ẹ̀yin wà lójú ọ̀nà níbi tí Kutonu ti sún mọ́ yín ju Àjàṣẹ́ lọ, kí ẹ sì máa jó sí orin rẹ̀. Ara yín ti ń sọ nǹkan kan fún yín, àbí? Ṣùgbọ́n ara nìkan kò tó. A ti kọ́ ìṣirò.

Ẹ mú epo pupa ṣíbí kan, kí ẹ fi pa ègé iṣu kan. Á pọ́n dáadáa. Ẹ fi irú ṣíbí kan náà pa ègé mẹ́rin, pípọ́n rẹ̀ á dínkù. Ẹ fi pa ọgọ́rùn-ún, ẹ ò ní mọ̀ pé epo kàn án rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ìró ṣe rí. Kì í lọ tààrà bí ọfà, ńṣe ló ń tàn káàkiri. Bí ẹ bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, ègé iṣu ti di mẹ́rin. Ìlọ́po mẹ́ta, ó di mẹ́sàn-án. Ìlọ́po mẹ́wàá, ó di ọgọ́rùn-ún. Epo kò pọ̀ sí i.

Ó dára. Ẹni tó dúró ní mítà 100 sí Bolden gbọ́ ọ ketekete, mo gbà. Ẹni tó wà ní kìlómítà 16, ìyẹn mítà 16,000, fi ìlọ́po 160 jìnnà jù ú lọ. Ẹ fi 160 ṣe ìlọ́po 160: ó jẹ́ 25,600. Ohun tó dé etí ẹni àkọ́kọ́, ẹ pín in sí ọ̀nà 25,600, kí ẹ fún ẹni kejì ní ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé etí ènìyàn gbọ́n, ó lè gbọ́ ohun tó kéré gan-an. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan yẹn náà kò ní dé lódindi. Atẹ́gùn á jẹ lára rẹ̀ lójú ọ̀nà, igi á jẹ, ògiri ilé á jẹ. Ìwọ̀nba tó bá kù, ọ̀pọ̀lọ́ àti ìrẹ̀ inú koríko ni yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Bí ìṣirò náà kò bá tíì dá yín lójú, ẹ wo ààrá. Kò sí ohun tó ń dún lókè ilẹ̀ wa tó ààrá. Síbẹ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ sọ pé ààrá kì í sábà dé etí ẹni tó bá ti jìnnà ju nǹkan bí kìlómítà 20 tàbí 25 lọ. Ẹ̀yin náà ti rí i: mànàmáná á máa kọ lókèèrè lálẹ́, ẹ ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Òjò ọ̀nà jíjìn ni. Ṣé ẹ wá fẹ́ sọ fún mi pé ọmọ ènìyàn, pẹ̀lú ipè tí kò gùn tó apá, fẹ́ bá Ṣàngó dọ́gba?

(Ẹni tó bá fẹ́ fi ogiri Jẹ́ríkò dá mi lóhùn, kó lọ bá pásítọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni Ìwé Mímọ́ pe ìyẹn, kò pè é ní agbára ẹ̀dọ̀fóró.)

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì da ìtàn náà nù. Òṣùwọ̀n tó bá ń já irọ́ tí kò mọ òtítọ́ yà sọ́tọ̀, òṣùwọ̀n burúkú ni. Ọ̀sà Pontchartrain fẹ̀ gan-an. Afárá tí wọ́n ṣí lórí rẹ̀ ní 1956 gùn tó kìlómítà 38. Ipè kankan kò lè là á já. Ṣùgbọ́n odò Mississippi tó gba ẹ̀gbẹ́ ìlú náà kọjá ńkọ́? Níbẹ̀, kò fẹ̀ tó kìlómítà kan. Láyé Bolden, ní nǹkan bí 1900, mọ́tò kò tíì kún ìgboro. Lálẹ́, atẹ́gùn tútù máa ń sùn lé orí omi, atẹ́gùn gbígbóná á wà lókè rẹ̀, èyí á sì máa darí ìró padà sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lẹ́bàá odò Wẹ̀mẹ̀ kò nílò olùkọ́ fún èyí. Ẹ ń gbọ́ ohùn apẹja láti òdìkejì ní ìdájí bí ẹni pé ó wà nínú àgbàlá yín. Nítorí náà bí ẹnìkan bá ní òun gbọ́ Bolden láti òdìkejì odò, mo gbà á gbọ́.

Ìtàn kejì tún wà tó yè lórí òṣùwọ̀n. Ọgbà ìgbádùn méjì wà nítòsí ara wọn ní New Orleans, Lincoln Park àti Johnson Park. John Robichaux àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa ṣeré ní Lincoln Park, Bolden á wà ní Johnson Park. Wọ́n ní Bolden á kọ ẹnu ipè rẹ̀ sí ọ̀nà Lincoln Park, á fun ún, àwọn èrò á sì fi Robichaux sílẹ̀, wọ́n á máa rọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọgbà sí ọgbà tó wà ní àdúgbò kan náà, ṣé ìyẹn ṣòro? Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí Gààní ní Nikki, tí ẹ ti gbọ́ kàkàkí níwájú ọba, ẹ mọ̀ pé ìró idẹ ń la ariwo èrò kọjá. Ìtàn yìí dúró. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnu ń bu omi lé e bí ẹni tó ń bu omi lé ògì, títí ọgbà méjì fi di kìlómítà 16.

Mo sọ èyí ní ìpàdé àwa olùkọ́. Ẹnìkan dìde, ó ní: "Ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ṣé ìwọ gbọ́n ju ìwé lọ ni?"

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwé nígbà náà. Ní 1939, ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà, Jazzmen ni orúkọ rẹ̀. Ìwé náà sọ pé onígbàjámọ̀ ni Bolden, pé ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó tún sọ pé Bolden ń tẹ ìwé ìròyìn òfófó kan jáde, The Cricket. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì lọ́ràá. Àwọn òǹkọ̀wé mìíràn dà á kọ. Àwọn tó dà á kọ, àwọn kan tún dà á kọ lára wọn. Nígbà tó yá, ìwé mẹ́wàá ń jẹ́rìí ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Donald Marquis wá jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Kò kàn bi àwọn arúgbó léèrè kó lọ sùn. Ó wo ìwé orúkọ àwọn ará ìlú, èyí tí wọ́n ń kọ ilé àti iṣẹ́ ẹni sí. Ó wo ìwé ìjọba, ìwé ọlọ́pàá, ìwé ilé ìwòsàn. Ó tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1978. Kí ló rí? Nínú ìwé ìlú, ẹni tó ń rẹ́ ògiri ilé ni wọ́n kọ pé Bolden jẹ́. Kò rí àmì pé ó ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, kò sì rí àmì pé ó tẹ ìwé ìròyìn kankan. Ọ̀rẹ́ Bolden kan ni onígbàjámọ̀, Bolden sì máa ń jókòó níbẹ̀. Ẹ mọ bí irú rẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń jókòó sí ìsọ̀ aránṣọ lójoojúmọ́, àlejò á kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, aránṣọ. Òwe wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Bolden yìí gba ọdún 39 kó tó bá a.

Lára àwọn tó ń pèsè ìtàn fún àwọn òǹkọ̀wé ni afunpè kan tó ń jẹ́ Bunk Johnson. Ó ní wọ́n bí òun ní 1879, ó sì ní òun bá Bolden ṣeré ní nǹkan bí 1895. Àwọn tó yẹ àkọsílẹ̀ wò lẹ́yìn náà rí i pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 1889 ni wọ́n bí i. Ẹ fi pẹ́ńsù yín ṣe é: 1895, ẹ yọ 1889 kúrò. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ṣé ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já ni yóò jókòó nínú ẹgbẹ́ Bolden?

Mi ò bú Bunk o. Ẹ wo ipò tó wà. Eyín rẹ̀ ti tán, ipè kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí iṣẹ́ orin ṣe mọ́. Àwọn òǹkọ̀wé dé láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń wá ẹni tó fojú rí Bolden. Ta ni kò ní sọ pé òun rí i? Wọ́n dá owó jọ, wọ́n wá ipè fún un. Leonard Bechet, dókítà eyín, ẹ̀gbọ́n Sidney Bechet tó lókìkí, ló ṣe eyín fún un. Láti 1942 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwo orin, ó sì fun ipè dáadáa níbẹ̀. Ohun tó fun, etí yín á gbọ́ ọ. Ohun tó sọ, ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Ẹ lè máa bi mí pé kí ni gbogbo èyí já mọ́ fún àgbẹ̀ Kétu tàbí Ṣábẹ̀. Ẹ gbọ́. Obìnrin kan wà ní kíláàsì wa, ó mọ ìwé kà dáadáa. Ó ta òwú. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún un ní pépà. Ó kà á sókè níwájú gbogbo ènìyàn láìkọsẹ̀: àpò 3, àpò kọ̀ọ̀kan kílò 60, àpapọ̀ kílò 150. Àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó kí ọkùnrin náà pé ó ṣeun. Ẹ ṣírò 60 lọ́nà mẹ́ta. Ká ní 200 fráǹkì ni kílò kan, 6,000 fráǹkì ló bá ọkùnrin yẹn lọ, a sì fi àtẹ́wọ́ sìn ín sọ́nà. Kò sí lẹ́tà kan tí obìnrin náà ṣì kà. Ohun tí àwa olùkọ́ kò fún un ni ìgboyà láti wo ohun tí a kọ, kó sì sọ pé, "Ẹ dúró ná." Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà lórí Bolden. Ẹni tó bá gba kìlómítà 16 láìbi ìbéèrè ni yóò gba kílò 150.

Ẹlòmíràn tún dìde, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní: "Olùkọ́, ṣé o fẹ́ bá òyìnbó ba orúkọ ènìyàn dúdú jẹ́ ni? Àwa náà kò gbọdọ̀ ní akọni?" Mo dá a lóhùn pé ìtàn kìlómítà 16 ló ba orúkọ Bolden jẹ́. Nítorí rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ohun tí ọkùnrin náà ń fun, bó ṣe to ohùn pọ̀, ìdí tí àwọn oníjó fi fẹ́ràn rẹ̀ ju Robichaux tó kàwé orin lọ. Ariwo rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ. Wọ́n fi ẹ̀dọ̀fóró yìn ín, wọn ò fi ọpọlọ yìn ín. Ṣé bí a ṣe ń yin oníṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn? Màlúù náà ní ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ jẹ́ ká wo Louis Armstrong, tí orúkọ rẹ̀ ju ti gbogbo afunpè lọ láyé. Ọmọ New Orleans lòun náà. Títí ó fi kú ní 1971, ohun tó ń sọ ni pé ọjọ́ kẹrin oṣù keje 1900 ni wọ́n bí òun. Ọjọ́ kẹrin oṣù keje ni ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà. Ẹ rí i bó ṣe dọ́gba, tó dà bí ìgbà tí ẹnìkan bá ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1960 gan-an ni wọ́n bí òun ní Dahomey. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni olùwádìí kan, Tad Jones, rí ìwé ìrìbọmi rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì: ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ 1901. Àwọn kan ní òpùrọ́ ni Armstrong nígbà náà. Níbẹ̀, mo gbèjà rẹ̀. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín jáde, ẹ̀yin àgbà. Mélòó nínú yín ni wọ́n kọ "né vers" fún? Wọ́n ní wọ́n bí yín ní ọdún tí eṣú jẹ oko, akọ̀wé ìjọba wá ọdún kan lé e. Òpùrọ́ ha ni yín bí? Ọmọ tálákà ní ìlú tí kò ka ọmọ tálákà sí, ó mú ọjọ́ tó dùn mọ́ ọn. Ìwé ìrìbọmi ni a ó gbà fún ọjọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní torí ìyẹn pè é ní olè.

Ìtàn kan tún wà nípa rẹ̀ tó dà bí irọ́, tó sì jẹ́ òótọ́. Wọ́n ní nígbà tó wà lọ́mọdé, ó yìnbọn sókè ní òru ọdún tuntun, ọlọ́pàá mú un, wọ́n fi í sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ dúdú, ibẹ̀ ni Peter Davis ti kọ́ ọ ní ipè. Bí ìtàn alẹ́ ló rí. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn Times-Democrat ti ọjọ́ kejì oṣù kìíní 1913 kọ ọ́ pé wọ́n mú ọmọ kan tó ń jẹ́ Louis Armstrong nítorí pé ó yìnbọn ní igun Rampart àti Perdido. Ìwé ìròyìn náà ní ọmọ ọdún 12 ni. Bí a bá fi ìwé ìrìbọmi ṣírò rẹ̀, ọmọ ọdún 11 ni. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan yìí o: ìwé kan náà, ojúewé kan náà, ìbọn jẹ́ òótọ́, ọjọ́ orí kò pé.

Ìtàn tó kàn yìí ni mi ò lè fi ẹ̀rín sọ. Wọ́n ní ní 1960, ogun ń jà ní Kóńgò. Armstrong dé pẹ̀lú ipè rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ìhà méjèèjì sọ ìbọn sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, wọ́n jókòó pọ̀, wọ́n gbọ́ orin, ogun sì tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tó lọ. Armstrong fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ pé òun dá ogun dúró. Ìtàn yìí ni wọ́n ń sọ jù níwájú àwọn ọmọ wa, nítorí Áfíríkà wà nínú rẹ̀, àlàáfíà sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká to ọjọ́ sílẹ̀. Kóńgò gba òmìnira ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 1960. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, Tshombe ya Katanga kúrò lára rẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹwàá, Armstrong dé Léopoldville, wọ́n gbé e sórí àga, wọ́n fi ijó gbé e wọ pápá ìṣeré. Òótọ́ ni ìyẹn, àwòrán rẹ̀ wà. Ní oṣù kọkànlá, ó dé Elisabethville, olú ìlú Katanga. Àwọn ọmọ ogun ìhà méjì wo ló wá ń bá ara wọn jà nínú ìlú yẹn nígbà náà? Ọwọ́ Tshombe ni ìlú náà wà. Ìpakúpa tó ń lọ ní Katanga nígbà yẹn, ìhà àríwá ló wà, ní ọ̀nà jíjìn. Níbẹ̀, ní Niemba, ni wọ́n ti pa ọmọ ogun Ireland mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ ONU ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá 1960. Ogun ńlá inú Elisabethville gan-an ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kejìlá 1961. Armstrong ti padà sílé tipẹ́. Ogun tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ nínú ìlú, báwo ni ipè ṣe dá a dúró níbẹ̀?

Mo gbà pé àwọn tí ọkàn wọn kò bára mu lè jókòó sínú pápá kan, kí wọ́n gbọ́ orin, kí ìjà má sì ṣẹlẹ̀. A ń rí i níbi òkú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìtàn náà kò sọ. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ṣe onígbọ̀wọ́ apá tó pọ̀ nínú ìrìnàjò yẹn. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé Armstrong jó ní Léopoldville, Patrice Lumumba wà nínú ìlú kan náà, àwọn ọmọ ogun yí ilé rẹ̀ ká, kò lè jáde. Ó sá ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá, wọ́n mú un lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1961, wọ́n gbé e lọ sí Elisabethville, wọ́n sì pa á nítòsí ibẹ̀. Ìlú kan náà, kò tó oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ orin. Ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn ipè tó dá ogun dúró, tí kò gbọ́ ti Lumumba, a ti jí nǹkan kan kó lọ́wọ́ rẹ̀ tó ju 6,000 fráǹkì lọ. Kì í ṣe Armstrong ló jí i. Ẹni tó ń sọ ìtàn láìwọ̀n ọ́n ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ní ká jẹ́ kí ìtàn dùn, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ èyí tó kù nínú ti Bolden fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín pẹ̀lú. Ní 1906, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ọdún yẹn ló ṣeré kẹ́yìn. Ní 1907, wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé, ní Jackson, ní Louisiana. Kò jáde níbẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá 1931 ló kú. Wọ́n sin ín sí ibi ìsìnkú Holt ní New Orleans, láìsí òkúta tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ìró rẹ̀ dé kìlómítà 16 kì í sábà sọ̀rọ̀ àwọn ọdún wọ̀nyí. Ẹ mú pẹ́ńsù. 1931, ẹ yọ 1907 kúrò.